Ìpara Ètè fún Ọ̀nà Mẹ́kà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹni tó wà lórí ìdúró wá ibi fìdí lé. Ìtàn tí mo mú wá lónìí, Peckham ní London ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá ojú irin, níbi tí ife tíì ti máa ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè. Ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ohun tí èèyàn ò fẹ́ pàdánù ló máa ń dẹ́rù bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràfíátù, ọmọbìnrin tó ń se ìpara nínú ṣọ́ọ̀bù náà, gbójú sókè nídìí iná, ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, ó pọ́n, ó wọ jalabíà funfun, àbàwọ́n òróró sì tẹ́ rẹrẹ lórí àpò àyà rẹ̀. Ètè rẹ̀ là wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín kí i, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," Ràfíátù ní. "Ẹ̀jẹ̀ máa jáde."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín." Ó yọ ike ìpara ètè kan nínú àpò, ó gbé e kalẹ̀. Kìkì òróró ló kù nínú rẹ̀. "Wọ́n ní ó dára fún oòrùn. A dé Mẹ́kà, ó yọ́ mọ́ mi láṣọ kí n tó rántí pé mo ní ètè."

Ẹ̀rín pa Ràfíátù, ó ran ọkùnrin náà, ètè náà sì bẹ́ lóòótọ́. Ràfíátù sáré bu ìpara tirẹ̀ sórí igi pẹlẹbẹ kan, ó nà án sí i.

Waris lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àláájà Hameedah, ló ní ilé iṣẹ́ tó ń kó àwọn ará Peckham lọ sí Mẹ́kà. Waris ni amọ̀nà wọn. Ìyá náà fẹ́ ìpara ètè tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, kí wọ́n fi sínú báàgì gbogbo èrò. Iṣẹ́ Ràfíátù gan-an nìyẹn. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ ta ìpara kankan rí. Òun ni yóò pò ó, òun ni yóò dì í, ẹlòmíràn ni yóò lẹ orúkọ mọ́ ọn.

"Ohun tí Mọ́mì ní kí n sọ ni pé kò gbọdọ̀ yọ́," Waris ní. "Kò sì gbọdọ̀ ní òórùn rárá. Ẹni tó bá ti wọ ìhíráàmù, aṣọ ìrìn àjò Mẹ́kà, lọ́fínńdà di èèwọ̀ fún un nìyẹn, títí yóò fi bọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Àbí torí wọ́n bí mi sí London, ẹ rò pé kèfèrí ni mí?"

"Èmi kọ́ o. Mọ́mì ló lè rò bẹ́ẹ̀."

Eré ni Waris fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun Ràfíátù.

Òrí, ìda oyin àti òróró àgbọn ló ń pò. Ó ní àpótí oníná kan tó máa ń gbóná bí ọ̀sán Mẹ́kà. Ó ń ti ìpara bọ inú rẹ̀, ó ń yọ́, ó ń fi ìda kún un, títí ìpara náà fi dúró gbọn-in. Waris sì ń wá wò ó. Nígbà tí ètè rẹ̀ jiná tán, ó ṣì ń wá.

"Ètè mi ti san," ó ní lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń rìn létí omi ní Surrey Quays. "Mi ò mọ àwáwí tí mo tún máa mú wá."

"Mú gìgísẹ̀ rẹ wá. Mo ti wò ó, ìyẹn náà ti là."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Waris ti sọ fún un pé òun fẹ́ fi ṣe aya. Inú Ràfíátù dùn, àyà rẹ̀ sì já, torí ó ti gbọ́ ohun tí Àláájà sọ: "Ọmọ tó dàgbà sínú ẹ̀sìtéètì ìjọba ní London, kí ló mọ̀ nínú ẹ̀sìn tó máa fi kọ́ ọmọ?" Ọmọ ìmáàmù kan ní Ìlọrin ni ìyá náà ní lọ́kàn. Waris bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀ ná."

Bí ìpara ètè ṣe di ìdánwò nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa sè é, ìkòkò méjì ló wà lórí iná. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn èrò Mẹ́kà, èkejì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan ní East Dulwich tó fẹ́ràn òórùn róòsì. Waris dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sín ìyá rẹ̀ jẹ, Ràfíátù ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń da òróró róòsì láìwo ìkòkò tó ń dà á sí. Àìṣát, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rọ ìpara sínú ike, ó lẹ sítíkà. Imú ẹnikẹ́ni kò ta wọ́n lólobó. Ẹni tó bá ń gbé ilé ẹja kì í gbóòórùn ẹja, gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà sì ti mu róòsì yó.

Ó ku ọ̀la kí àwọn èrò gbéra ni Ràfíátù mú ọ̀kan nínú ti East Dulwich tó kù sílẹ̀, ó fi pa ètè bó ṣe ń jáde. Ó dé ẹ̀gbẹ́ títì, kò gbóòórùn kankan. Ó gbé ike náà símú. Kò sí. Ó wọlé lọ mú ọ̀kan nínú ti Mẹ́kà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ìyókù fún Àláájà, ó gbé e jáde síta, ó ṣí i.

Róòsì.

Àìṣát ti rí ojú rẹ̀. "Ta ló máa mọ̀? Òórùn yẹn ò le. Ọlọ́run kì í bi ẹni tí kò mọ̀."

"Èmi mọ̀."

"Bó o bá sọ ọ́, ohun tí ìyá yẹn ń wá lo fi lé e lọ́wọ́. Waris ti lọ nìyẹn. O gbọ́ mi?"

Ó gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ ọ jálẹ̀ Rye Lane, nínú ariwo bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan á ní kí òun padà, ẹ̀ẹ̀kan á rí ìyá arúgbó kan lọ́kàn tó ti ń tu owó jọ láti ìgbà èwe fún ìrìn àjò yìí, tó ń fi ìpara òun ba ìhíráàmù rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé mọ́ṣáláṣí, níbi tí àwọn èrò ti ń gba ẹ̀kọ́ ìkẹyìn lẹ́yìn ìrun alásárì.

Waris jáde bá a, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ràfíátù sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé kí n bá ọ sọ fún Mọ́mì?"

"Rárá. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó ń bà mí débi pé mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni mo tẹ̀."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Àláájà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, lọ́fínńdà wà nínú ìpara tí mo ṣe fún yín. Mo ṣèèṣì ni. Ẹ gbà á padà lọ́wọ́ wọn."

Àláájà ṣí ọ̀kan, ó gbé e símú.

"Ká ní o dákẹ́, mi ò ní mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dìde. Lọ sọ fún wọn. Àwọn ló ni ètè."

Ràfíátù dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ ọ́. Ìyá kan pòṣé. Bàbá kan ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ọkàn wọn kì í sí níbi iṣẹ́." Ràfíátù ń wo ilẹ̀ nígbà tó rí ẹsẹ̀ Waris lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ," Waris ní. "Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ pín ẹ̀bi náà sí méjì."

Wọ́n wo àwọn méjèèjì. Ìyá tó pòṣé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìpara jọ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ràfíátù ní òun á lọ se òmíràn kíákíá. Àláájà mi orí. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ ti mu lọ́fínńdà. Ìkòkò ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Ilé ìdáná mi lo ti máa sè é."

Bí ọmọ tí wọn ò fẹ́ nínú ilé ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn. Ìyá ń ro òrí, ọmọ ń gé ìda.

"A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ," Àláájà ní, kò wo ojú rẹ̀. "Èmi náà ti ṣèèṣì rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ọmọ mi fẹ́ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìwọ bẹ̀rù mi, mo rí i. O ṣì wá." Ó gbé orógùn lé e lọ́wọ́. "Rò ó dáadáa, kó má di kókó. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá dé, màá wá bá bàbá rẹ."

Àwọn èrò lọ. Ẹ̀rù tún kó Ràfíátù: bí ó bá yọ́ ńkọ́? Ó ń sùn, ó ń lá àlá ike tó ń jò. Níkẹyìn, ohùn Waris dé láti Mẹ́kà, ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀: "Ó dúró gbọn-in. Mọ́mì ti ń pa á fún ẹni tí kì í ṣe èrò wa."

Nígbà tí wọ́n so yìgì wọn, ìmáàmù bi Ràfíátù pé kí ló fẹ́ ní sàdáàkì.

"Kó mú mi dé Mẹ́kà," ó ní.

Ìmáàmù yíjú sí Waris. Ẹni tó ń fi ohùn darí èrò láàárín ogunlọ́gọ̀, ohùn rẹ̀ kọ̀, kò jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bò ó. Ràfíátù wò ó, ó sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ìgbà yẹn gan-an ni àyà tirẹ̀ tó balẹ̀.

"Mo gbà," Waris ní.

Àìṣát, tó rọ ìpara sínú ike lọ́jọ́ náà, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ní òun ló gba Ràfíátù nímọ̀ràn pé kó dákẹ́, kí n má yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn. N ò yọ ọ́.