Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Akínyẹmí Kọ̀

Sàlúbàtà ọ̀tún Akínyẹmí bọ́ sílẹ̀ láàárín gáréèjì Oǹdó, ó sì rìn kúrò níbẹ̀ láì mọ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ló pè é padà.

"Bàbá Jíbọ́lá! Ẹ wo ẹsẹ̀ yín! Sàlúbàtà yín rèé nílẹ̀!"

Àwọn èrò tó ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí Akínyẹmí ń wà rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní láti wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé wọ́n ti wọlé. Àyà rẹ̀ já. Ó bo ẹ̀rù náà mọ́ra, ó gòkè sínú ọkọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, èrò Àkúrẹ́ pọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ kí èrò rí ẹ̀rù lójú òun.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" Àlájà Màríámù ló béèrè láti ìjókòó iwájú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlájà, ó ti pẹ́ l'Ákùúrẹ́, Ọjà Ọba ló ti ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́. Bó bá wá kó ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Óǹdó, bọ́ọ̀sì Akínyẹmí nìkan ló ń wọ̀ padà sílé.

"Ìrora ti lọ, Àlájà. Kò dùn mí mọ́ rárá."

"Alihamudulilai," ni Àlájà wí, ó sì fara ti àga.

Akínyẹmí kò parọ́. Ìrora ti lọ lóòótọ́. Ohun tó bá ìrora lọ ni kò sọ.

Kéré kéré ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ooru lásán nínú ìdí ọ̀tún, lẹ́yìn ìrìn àjò. Nígbà tó yá, ó sọ̀ sí ẹ̀yìn itan, ó gba ojúgun kọjá, ó dé ìka ẹsẹ̀, ó ń ta á bí ata. Bó bá wúkọ́, ara rẹ̀ a gbọ̀n. Gbogbo gáréèjì di dókítà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yéé jẹ ohun dídùn. Akínyẹmí mu àgbo títí ẹnu rẹ̀ fi korò, ìrora náà kò kúrò ní ibùjókòó rẹ̀.

Àlájà ló ní kó lọ rí ọmọ òun. Ilé ìwòsàn kan l'Ákùúrẹ́ ni Hameedat ti ń ṣiṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìmárale wo aláìsàn. Kékeré ni Akínyẹmí ti mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ra bisikíìtì fún un nígbà tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn níbí, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lọ́hùn-ún, ó bi í léèrè títí.

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, Bàbá. Iṣan ńlá kan ló jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn yín, ó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Nǹkan kan ń fún un mọ́ níbi tó ti jáde. Ẹ̀yìn ni ìjà wà, ẹsẹ̀ ló ń ké."

"Abẹ́rẹ́ wo lo máa gún fún mi?"

"Kò tíì dé orí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dín ìjókòó kù. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rìn díẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù èrò mọ́. Ẹ wá dojú bolẹ̀ lórí ẹní yìí. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ẹ rọra gbé àyà sókè, kí ìbàdí yín má kúrò nílẹ̀. Ẹ máa mí. Bí ìrora bá ń kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń padà gòkè sí ẹ̀yìn, ó dára nìyẹn, ẹ máa bá a lọ lójoojúmọ́. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ dúró, ẹ padà wá bá mi, torí ara kò rí bákan náà."

Akínyẹmí wo ẹní, ó wo ọmọ náà. Òun ni olórí ilé bàbá rẹ̀ l'Óǹdó. Bó bá wọ agbo, àwọn ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Hameedat, èmi kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́, Bàbá. Ìtọ́jú ni. Ẹ lè máa ṣe é nínú yàrá yín." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ẹ kò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, tàbí tí abẹ́ yín tàbí inú itan bá kú, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣe é kó níjàánu, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ẹ̀yìn yín."

Nílé, Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ní òun á jáde bó bá ń tijú. Akínyẹmí ní bí ọmọ bá já wọlé ńkọ́, tó rí bàbá rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi? Bẹ́ẹ̀ ni ẹní náà wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí eruku ń bò ó.

Ẹ wá wo nǹkan. Bọ́láwálé wà ní gáréèjì, ọkùnrin tó sanra, tó máa ń tẹ ẹ̀yìn fún àwọn awakọ̀. "Ìrora ní í lé ìrora, Bàbá mi," ló wí. Akínyẹmí tí kò lè dojú bolẹ̀ kí ara rẹ̀ lè yá, ó wá dojú bolẹ̀ lórí páálí kí ẹlòmíràn lè fẹsẹ̀ méjèèjì gun òun lẹ́yìn. Bọ́láwálé tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan dún gbà nínú ìbàdí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìrora ti lọ. Akínyẹmí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

"Bàbá Jíbọ́lá, ẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀," ni Moríyọ̀ wí. "Ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọ yẹn sọ rèé?"

"Má pe ibi sí mi lórí. Ẹni tí kò ní ìrora, kí ló ń wá lọ sílé ìwòsàn?"

Ohun tó mú un wakọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà nìyẹn. Wọ́n kọjá Òwenà. Èrò kan ń sùn, Àlájà ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe já kọ́nà kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kú sójú ọ̀nà níwájú.

Akínyẹmí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, ó fẹ́ tẹ bíréèkì. Iwájú ẹsẹ̀ kò gòkè. Ó há sábẹ́ bíréèkì, kò sì mọ ibi tó wà. Ó wolẹ̀ láti wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wo sàlúbàtà. Ìgbà tó gbójú sókè, Àlájà ti ké. Akínyẹmí fa ọwọ́ ọkọ̀ sínú igbó, igi kan sì gbà wọ́n ní apá ọ̀dọ̀ Àlájà.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣàmín. Egungun itan Àlájà ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Akínyẹmí náà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n dókítà kò tàn án: ó pẹ́ kó tó dé. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ló wá ni, bóyá à bá rí ẹsẹ̀ náà gbà là. Kò ní wakọ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí dókítà ti fún un láyè láti máa ṣe eré ìmárale, òun àti Moríyọ̀ lọ bẹ Àlájà nílé. Àga ló jókòó lé, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akínyẹmí kò kí i tán tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, Bàbá Jíbọ́lá," ni Àlájà wí. Ojú rẹ̀ kò tú ká. "Mi ò bínú pé ẹ kọlu igi. Mo bi yín ní gáréèjì pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Èyí ló ń dùn mí. Ká ní ẹ sọ, ǹ bá ti sọ̀ kalẹ̀."

Akínyẹmí fẹ́ dìde, ara kọ̀. Ojú tì í, ó bú sẹ́kún sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Hameedat ti yàrá jáde, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ má tíì dìde, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀. Ẹ rọra."

Ó ṣe é, lójú ìyàwó, lójú Àlájà, lójú ọmọ tó ra bisikíìtì fún. Kò sí ohunkóhun tó bàjẹ́ lára ọlá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tú díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò mira.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ìrora ń ti ìdí yín sọ̀ dé ẹsẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀, aránṣọ, olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ yín wò, kó sọ eré ìmárale tó bá ara yín mu. Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun yín lẹ́yìn. Bí ìrora bá sì lọ, tí ẹsẹ̀ kú, ẹ má dúpẹ́, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ yín kò mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.