Agogo Ẹ̀yìn Fèrèsé Wàsílátù

Nígbà náà, Ìyá Àjàmú tó ń ta ògì lọ́nà Òkè-Àfà ṣì wà láyé. Ìsíátù, ìyá Wàsílátù, wà láyé. Àlàájì Mùktárù, bàbá rẹ̀, náà wà láyé, ó ń wọ́ agbádá kiri Ìsọlọ̀, tọmọdé tàgbà ń kí i. Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé ni, tí kò sẹ́ni tí kì í ra nǹkan tuntun.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Òṣòdì lọ́jọ́ tí Wàsílátù kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sídìí abọ́ tánńganran tó ń tà lẹ́bàá ojú irin, ó gbójú sókè, ó rí géńdé kan tó wọ sùtánà funfun, tó fi ọwọ́ méjèèjì ká etí aṣọ sókè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú ẹrẹ̀. Aṣọ funfun báláú, ẹsẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀rín pa Wàsílátù. "Bọ̀dá, ṣé wọ́n jí bàtà yín ni?"

"A kì í wọ bàtà sí aṣọ yìí, àǹtí. Bàsíà ni mo fẹ́ rà, èyí tí a ó máa bu omi àdúrà sí."

Wàsílátù bu omi sínú bàsíà kan, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ yín ná. Ẹ ó ba gbogbo ọjà mi jẹ́."

Ó fọ ẹsẹ̀ tán, ó ra bàsíà kan, ó tún ra èyí tó fi fọ ẹsẹ̀.

"Ẹ má bu omi àdúrà sí ìyẹn o!"

"Èyí tèmi ni," ló wí. "N óò máa wò ó."

Fákúnlé lórúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkirè, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìsọlọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í wá ra abọ́.

"Ṣé búkà lo fẹ́ ṣí ni?" Wàsílátù bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó ni mo fẹ́ fẹ́."

Ọjọ́ yẹn ló sọ fún un pé òun ló ń lu agogo ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé bàbá Wàsílátù.

"Ìwọ lo ń jí mi láràárọ̀?"

"Ṣé ó ń bí ọ nínú ni?"

Wàsílátù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò lè sọ fún un pé ó pẹ́ tóun ti ń dùbúlẹ̀ gbọ́ agogo yẹn, tóun ń rò ó pé ẹni tó ń fa okùn rẹ̀ á ní sùúrù, torí kì í lù ú bí ẹni tó ń lé ẹran.

Àlàájì gbọ́. Tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ràn ìjọ náà. Ìgbà tó wá gbọ́ pé alágogo wọn ń wá ọmọ òun, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní wọn kì í jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Ọlọ́pàá ti ilé àdúrà pa, wọ́n gbé agogo lọ, wọ́n sì gbé Fákúnlé lọ sílé ẹjọ́.

"Ìwọ ni fèrèsé rẹ kọjú sí wọn," Àlàájì sọ fún Wàsílátù. "Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Wàá sọ pé agogo yẹn kì í jẹ́ ká sùn."

"Sọ ohun tí bàbá rẹ wí, kí ilé lè tòrò," Ìsíátù bẹ̀ ẹ́.

Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, Fákúnlé lè ṣẹ̀wọ̀n. Tí kò bá sọ ọ́, ojú á ti bàbá rẹ̀ láàárín gbogbo Ìsọlọ̀.

Nílé ẹjọ́, ó gbé ọwọ́ lé Alùkùráánì. Lọ́yà ìjọ dìde. "Àǹtí, kí ni agogo yìí ti fi ṣe yín?"

Wàsílátù wo bàbá rẹ̀. Ó wo Fákúnlé. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìwé mímọ́.

"Kò fi wá ṣe nǹkan kan, sà. Àwọn ajíwéré tó ń kọrin jí èèyàn lóru ààwẹ̀ kì í dé àdúgbò wa, potopoto pọ̀ jù. Nínú ààwẹ̀, agogo yẹn ló ń jí wa jẹ sààrì. Bàbá mi gan-an ló máa ń pariwo pé, 'Ẹ dìde, àwọn aláṣọ funfun ti ń pè wá!'"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì sọ orí kodò.

Adájọ́ sọ òyìnbó títí, ògbifọ̀ gé e kúrú: "Ó ní òfin fún oníkálukú láyè láti sin Ọlọ́run rẹ̀, kó pe èèyàn jọ, kó gbóhùn sókè. Ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ ti ilé àdúrà pa torí pé inú aládùúgbò ò dùn sí i. Ẹ dá agogo wọn padà."

Ìdájọ́ náà tàn dé Òṣòdì. Àwọn oníwàásù Mùsùlùmí tí ọlọ́pàá máa ń lé lẹ́bàá ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i.

Àlàájì ò jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Kò kàn jẹ oúnjẹ tó bá sè mọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, agogo ò dún. Bẹ́ẹ̀ ni kò dún lẹ́yìn ìyẹn. Wàsílátù ń dùbúlẹ̀ dúró dè é, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Sátidé kọjá, Fákúnlé ò wá ra abọ́; ó rò pé ó ti kúrò ládùúgbò.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oorun gbé gbogbo ilé lọ, òòrùn ló jí wọn. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àlàájì rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Wàsílátù ń yọjú lójú fèrèsé.

"Ìwọ," Àlàájì wí fún Fákúnlé tó jáde sí i, "ṣé agogo yín bàjẹ́ ni?"

"Rárá, Bàbá. Aṣọ ni mo fi wé ahọ́n rẹ̀."

"Ilé ẹjọ́ kọ́ ló ní kẹ́ ẹ máa lù ú?"

"Ilé ẹjọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni bàbá Wàsílátù. Mi ò fẹ́ fi agogo bá yín jà."

Àlàájì húkọ́. "Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú. Tú aṣọ yẹn. Lù ú dáadáa, kí àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán náà gbọ́." Ó ti yí padà kó tó fi kún un pé, "Ọmọ mi á máa kírun rẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́."

Fákúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, tòun ti sùtánà funfun.

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. "Lónìí o, wàá wọ bàtà!" Wàsílátù kìlọ̀ fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Bàsíà ọjọ́sí ló kọ́kọ́ gbé wọ yàrá wọn, ní òpópónà kejì sí ilé Àlàájì.

Ọdún gorí ọdún. Nínú ààwẹ̀ kan, Fákúnlé fa okùn agogo bó ṣe máa ń fà á. Iná tàn lójú fèrèsé gbogbo, abọ́ ń ró nílé ìdáná gbogbo. Wàsílátù gbé sààrì bàbá rẹ̀ lọ fún un, bó ṣe máa ń ṣe, ó kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, agogo ti dún."

Gbogbo àdúgbò ló ti jí. Àlàájì nìkan ni kò jí.