Ó Ṣe Àmín Sí Èpè Ara Rẹ̀

Olè tó kọ́kọ́ gbàdúrà kí ó tó jalè, kí ni ká pè é? Bí o bá ní ìdáhùn, fi í sẹ́nu ná, kí o gbọ́ ìtàn Ṣọládé, kọngílá tó ń gbé ní Ketu, ní ìlú Èkó.

Ṣọládé mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń la gọ́tà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ìwé tí òjò ò ní wó. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ketu ló ti di ọlọ́mọ, tí wọ́n fi ń pè é ní Daddy Tiwalọlá. Alàgbà ni nínú ìjọ rẹ̀. Bí ó bá dìde láti gbàdúrà, àwọn ìyá ìjọ á máa mi orí, wọ́n á ní Ọlọ́run wà lẹ́nu ọkùnrin yìí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, alàgbà yìí a máa gun òkè ilé kan lẹ́bàá títì Ikosi, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn kọngílá bíi tirẹ̀ ti ń ṣe ìpàdé. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dàpọ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ìfẹ́ wo? Ọ̀dàlẹ̀ ìlú ni gbogbo wọn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ. Bí ìjọba bá fẹ́ gbé iṣẹ́ síta, òfin ní kí kọngílá kọ̀ọ̀kan kọ iye tí òun máa gbà, kí ó lẹ ìwé rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má mọ iye tí ẹnì kejì kọ. Ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ tó dára ní iye tó tọ́. Owó ìlú ni, owó èmi àti ìwọ.

Àwọn ará Ìfẹ́dàpọ̀ sọ iṣẹ́ ìlú di àjọ. Bí iṣẹ́ bá ti jáde, wọ́n á bi ara wọn pé ta ló kàn. Ẹni tó kàn á kọ iye tó wù ú, àwọn yòókù á kọ iye tó ga ju tirẹ̀ lọ, kí tirẹ̀ lè dà bí èyí tó dín kù. Wọ́n ń pe èyí ní “gbé mi rù”, bí alábàárù ọjà Mile 12 ṣe máa ń bẹ ẹni tó wà nítòsí pé kó bá òun gbé ẹrù karí. Ẹni tó gba iṣẹ́ á sì fún àwọn tó gbé e rù ní ìpín tiwọn.

Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àdúrà! Ṣọládé ló sì ń gbà á, nítorí òun ni alàgbà. Á ní kí Ọlọ́run ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, kí ó ṣí ti ojúrere. Onígbàgbọ́ inú wọn á ṣe Àmín, Mùsùlùmí inú wọn á ṣe Àmín. Ẹ̀sìn kò ya olè kankan sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún kan, ìjọba fẹ́ kan èbúté onípákó sí etí odò Agboyi, kí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé òdìkejì lè rí ibi dúró sí. Ọ̀gá Oyèbámijí, alága ẹgbẹ́ wọn, ló kàn. Ṣùgbọ́n kọngílá kan wà tí kò sí nínú wọn. Dorothy lorúkọ rẹ̀, Mummy Testimony ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Obìnrin yìí dá kọ ìwé tirẹ̀, ó kọ iye tó tọ́, ó sì ṣètò igi líle fún àwọn òpó tí yóò wọnú omi.

Ìjọ kan náà ni òun àti Ṣọládé ń lọ. Nítorí èyí ni Oyèbámijí fi rán Ṣọládé níṣẹ́. Ṣọládé lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Obìnrin yẹn kì í parí iṣẹ́. Ìjọ kan náà la wà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe da ìwé Dorothy nù. Ó fi ilé Ọlọ́run jẹ́rìí èké, kò sì fọ ẹnu kí ó tó lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Oyèbámijí gba iṣẹ́. Igi yẹpẹrẹ ló lọ rà. Ràímì, káfíńtà ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n pè láti kàn án, sọ fún un pé irú igi yìí kò ní pẹ́ nínú omi. Oyèbámijí ní kó kan èyí tí wọ́n gbé fún un, tàbí kó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ràímì níyàwó, ó lọ́mọ, ó kàn án.

Ṣọládé gba ìpín tirẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀, ó kó o lọ sílé Ọlọ́run. Ó ní òun kò kan ìṣó kan níbẹ̀, òun kò ra igi, orúkọ òun kò sí lára iṣẹ́ náà. Ó sì ń sùn àsùnhanrun.

Òjò dé, odò Ògùn kún, ó sì ya wọ odò Agboyi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin tó ti Mile 12 ra ọjà bọ̀ dúró lórí èbúté náà, wọ́n ń retí ọkọ̀. Òpó kan yẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, gbogbo pákó sì já sínú omi pẹ̀lú ènìyàn àti ẹrù. Odò gbé ìyá arúgbó kan lọ. Ọ̀pọ̀ fara pa. Ata àti tòmátì léfòó títí dé ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn.

Adédiwúrà wà lára àwọn tó fara pa. Ẹ̀gbọ́n Ṣọládé ni. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló fi èrè gàrí rán an níwèé. Òpó ṣubú lé e níbàdí, kò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ wà lára òun tàbí kò sí.

Nígbà tí Ṣọládé dé ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí. Ó bi í bóyá ó mọ ẹni tó ṣe èbúté náà.

“Kì í ṣe èmi, Aunty mi,” ni Ṣọládé wí.

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ọmọ tí mo tọ́ kò lè ṣe irú ẹ̀.” Ó wá na ọwọ́ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. “Gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí, bí ẹsẹ̀ mi ṣe kọ̀ tí kò gbé mi, bẹ́ẹ̀ ni ilé ayé ò ní gbé wọn. Ṣọládé, ṣe àmín.”

Kí ni yóò ṣe? Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bi í pé kí ló dé. Ó ṣí ẹnu tó ti ń fi gbàdúrà fún olè, ó sì ṣe Àmín.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbàdúrà lórí oúnjẹ, Àmín ò ní lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Àmín kan ṣoṣo tó ṣe lọ́sibítù ló ń dún létí rẹ̀.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Ràímì, wọ́n tì í mọ́lé. Oyèbámijí bá pe ẹgbẹ́ jọ, ó ní ọ̀rọ̀ ò le: kí gbogbo wọn sọ pé iye tí kálukú kọ, òun nìkan ló dá a kọ, àti pé Ràímì ló ta igi líle tí ó fi igi yẹpẹrẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní Ṣọládé ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí ta ni yóò já alàgbà nírọ́? Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí ó gbàdúrà. Ṣọládé dìde, ó yanu, ọ̀rọ̀ kò wá. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò sọ fún wọn pé òun kò ní ṣe é.

Ọsibítù ló gbà lọ. Ó bá Dorothy níbẹ̀, tó gbé ọbẹ̀ ẹja wá fún Adédiwúrà. Dorothy ní kí àwọn jọ jáde. Wọ́n dúró lẹ́bàá táǹkì omi.

“Daddy Tiwalọlá, mo bínú sí yín,” ni obìnrin náà wí. “Mo ti bẹ Ọlọ́run kó mú ìbínú yìí kúrò, kò tíì kúrò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbínú náà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kì í ṣe èmi ni mo kàn án, Mummy Testimony.”

“Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbà á sílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ẹ lọ sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé ẹ mọ̀ mí. Lóòótọ́ lẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ̀ pé òpó tèmi ì bá dúró. Ìyá tí odò gbé lọ ńkọ́? Ràímì tó wà látìmọ́lé ńkọ́?”

Ṣọládé bú sẹ́kún. Ó sọ èpè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ́ fún un, àti bí òun ṣe ṣe Àmín sí i.

“Mi ò ní tàn yín,” ni Dorothy wí. “Èpè yẹn bá yín, ẹ sì jẹ̀bi ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹnìkan wà tí kò jẹ̀bi ohunkóhun, tó gba èpè gbogbo wa sórí ara rẹ̀ lórí igi àgbélébùú. Jésù kú fún olè, kò kú fún àwáwí. Tí ẹ bá gbé àwáwí lọ bá a, ẹ máa rù ú padà sílé ni. Olè tẹ́ ẹ jẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá a.”

Ṣọládé kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo àdúrà ẹlẹ́wà tó ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ kò wá sí i lọ́kàn mọ́. “Olúwa, olè ni mí. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Jésù, gbà mí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dorothy ṣe Àmín. Ṣọládé náà ṣe é, ó sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ló wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Adédiwúrà kọjú sí ògiri.

“Lọ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀,” ló wí. “Má padà wá síbí títí o fi máa ṣe é.”

Lọ́jọ́ kejì, Oyèbámijí dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rán an létí pé bí ó bá tú àṣírí, Ṣọládé náà á bá wọn ṣẹ̀wọ̀n. Ṣọládé ní òun mọ̀. Ó wọlé, ó sọ ti ìpàdé Sátidé, ó sọ ti “gbé mi rù”, ó sọ irọ́ tó pa mọ́ Dorothy, ó sì sọ ọ́ ketekete pé Ràímì kò mú igi kankan. Ó tilẹ̀ sọ pé òun ló ń gba àdúrà wọn. Ìtìjú yẹn ló dùn ún jù.

Wọ́n tú Ràímì sílẹ̀. Oyèbámijí àti àwọn ìyókù wà nílé ẹjọ́, Ṣọládé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun jẹ̀bi, ó sì ń dúró de ìdájọ́. Ìwé àṣẹ kọngílá rẹ̀ ti lọ. Ìjọ yọ ọ́ lóyè alàgbà, ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí báyìí. Nígbà tó pàdé Ràímì ní Mile 12 tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, Ràímì pòṣé, ó sì kọjá lọ. Ṣọládé ò bá a wí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ sin láàyè lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú.

Ẹsẹ̀ Adédiwúrà kò tíì gbé e. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe àbúrò rẹ̀ súnmọ́ ara, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. “Èpè tí mo ṣẹ́, Jésù ti gbà á lórí ẹ. Èmi náà ti dárí jì ọ́. Ṣe àmín.” Ẹkún ò jẹ́ kí ó tètè lè ṣe é. Obìnrin náà dúró dè é títí ó fi ṣe é.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? O lè ní o kì í ṣe kọngílá. Ta lo bá gbé ẹrù olè karí? Ta lo yá lórúkọ rẹ kí ó lè rẹ́ ìlú jẹ? Irọ́ wo lo pa mọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe òtítọ́, tí o wá ń sọ pé ọwọ́ rẹ mọ́? Ọlọ́run wà nínú yàrá òkè ilé yẹn nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Ó gbọ́ Àmín wọn, ó sì gbọ́ tìrẹ. Ó bínú sí i, ó sì tún rán Ọmọ rẹ̀ láti kú nítorí ẹnu tó ṣe é.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyá tí odò Agboyi gbé lọ ti ra ohun tí yóò sè lálẹ́ ọjọ́ náà. Níbi tí o wà yìí, jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe, kí o sì dìde lọ tú ẹni tí o dè sílẹ̀. Sọ pé: Olúwa, olè ni mí. Jésù, gbà mí.

Èmi tí mo kọ ọ́ ti gba àdúrà yìí rí, mo sì ń gbà á fún ọ báyìí. Ó ku Àmín, ẹnu rẹ ló sì kù sí.