Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Yọ Omi Ẹ̀jẹ̀

Kẹ̀kẹ́ kan ló dorí kodò níwájú ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, ọkùnrin gíga kan sì há a mọ́ àárín ẹsẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára apá yí pẹ́dà rẹ̀. Ìgò kékeré kan ló so mọ́ sípóòkù táyà ẹ̀yìn. Táyà ń yí fìrì-fìrì, ìgò ń bá a yí, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún. Oòrùn ìyálẹ̀ta ń dán lára rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú. Monínúọlá tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ dúró láìmọ̀ pé òun dúró.

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ká ní ẹ̀yin náà wà l'Adó lọ́dún 1978 yẹn, tí ẹ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀yin náà á dúró.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìgò yẹn ṣẹ̀ yín?”

“Ìdọ̀tí ló kó sínú, Àǹtí. Epo tí mo fi ń pa ṣéènì ni. Tí mo bá gbé e sílẹ̀ kó tòrò fúnra rẹ̀, ó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n tí mo bá yí i báyìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á sáré lọ sí ìdí ìgò, èyí tó dáa á dúró lókè.”

Ó dá táyà dúró, ó tú ìgò, ó gbé e síwájú oòrùn. Epo mọ́ gaara lókè, ìdọ̀tí dúdú jókòó jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Àyà Monínúọlá lù kì. Ìdajì rẹ̀ nítorí epo ni. Ìdajì kejì, kò tíì ṣe tán láti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Monínúọlá ń ṣe nílé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ títí tí pupa rẹ̀ á fi lọ sísàlẹ̀, tí omi rẹ̀ tó mọ́ á sì dúró lókè. Omi yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú àìsàn tó ń ṣe èèyàn. Iná ló ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, bí iná bá sì ti lọ, ẹ̀rọ di àpótí lásán. Ẹ̀jẹ̀ á máa dúró de iná, àìsàn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ọmọbìnrin yìí tipẹ́.

“Ṣé ẹ lè fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ohun tí ẹ fi epo ṣe yìí?”

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ ta ni, Àǹtí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n wá fi ọlọ́pàá mú mi o!”

Monínúọlá bú sẹ́rìn-ín. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé Àkíbù lorúkọ rẹ̀, pé ọmọ Sìmíátù tó ń ta òwú nísàlẹ̀ ọ̀nà ni, àti pé òun yóò tún padà wá.

Ó padà wá lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ nílé ìwòsàn, Òkè-Ìlá ló kàn. Àkíbù gé kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan, ó jó irin mọ́ irin, ó ṣe ibi tí ìgò ẹ̀jẹ̀ á máa fì sí. Ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ alápatà ni wọ́n fi ń dán an wò. Ó ń yí dáadáa. Ìgbà tó bá fẹ́ dúró ni wàhálà dé: á dúró gìdì, á mi jìgì, omi tó ti mọ́ á tún dàpọ̀ mọ́ pupa. Inú á bí àwọn méjèèjì, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, okùn bàtà aláwọ Sìmíátù já nígbà tó gbé oúnjẹ wá bá wọn. “Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ,” ló wí, ó ju bàtà náà sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Monínúọlá mú awọ náà, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Tí a bá fi àdín pa eléyìí ńkọ́, kó máa ra táyà lára díẹ̀díẹ̀ títí á fi dúró?”

Àkíbù gba awọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so ó mọ́ sípíríǹgì, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí pẹ́dà, awọ á rọra wá fara kan táyà. Wọ́n yí i. Ó dúró wẹ́lo. Omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ bí omi òjò, pupa kò mira nísàlẹ̀. Tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló mú ọgbọ́n yẹn wá, Àkíbù á ní Monínú ni, Monínúọlá á ní Àkíbù ni.

Ọjọ́ yẹn náà ni Àkíbù fọwọ́ nu epo ojú rẹ̀, ó tún wá fi kún un, ó ní, “Monínú, láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ ni ọkàn mi ti ń yí. Kò ní bíréèkì.”

“Tó o bá ń wá bíréèkì, bàtà Ìyá ṣì ku ẹsẹ̀ kan.”

“N kò wá bíréèkì o. Ìwọ ni mò ń wá.”

Monínúọlá fi etí aṣọ rẹ̀ bá a nu epo náà kúrò, ó sì ní, “O ti rí mi.”

Tísà Olúgbádé ló kù. Bàbá Monínúọlá nìyẹn, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìjàn, tó ń ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú gègé pupa lọ́wọ́ kó lè máa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe inú rẹ̀. Ìyá Monínúọlá ti kú, bàbá yìí ló dá tọ́ ọ. Òun ló ń di irun rẹ̀ lówùúrọ̀ kí wọ́n tó jọ lọ sílé ìwé, irun á sì wọ́. Monínúọlá ti pinnu lọ́kàn pé òun kò ní lọ sílé ọkọ láìsí àdúrà bàbá òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn ju Àkíbù lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyẹn.

“Ti ẹ̀sìn kọ́,” ni Tísà wí. “Jùbrílù ni ẹ̀gbọ́n ìyá tèmi gan-an ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ títúnṣe! Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ kà?”

“Bàbá, dókítà wa ní ohun tí a ṣe yẹn tó gba páténtì. Ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ẹni báyìí ló kọ́kọ́ ronú kan nǹkan ni.”

“Ó dáa. Ọjọ́ tí ìjọba bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, kó wá bá mi. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí.”

Wọ́n ṣì ń múra àtilọ bá lọ́yà nígbà tí ibà gbé Tísà ṣánlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ó ń pe ìyá Monínúọlá tó ti kú. Iná sì ti lọ nílé ìwòsàn. Dókítà ní òun kò mọ̀ bóyá ibà lásán ni tàbí táífọ́ọ̀dù, oògùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí Àkíbù ti gbọ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn, ó sáré láti Òkè-Ìlá wá. Òun ló yí i. Monínúọlá fa omi ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ jáde, ó mọ́ gaara, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Táífọ́ọ̀dù ni. Dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ kíá. Nígbà tí Tísà tún lajú tó mọ èèyàn, Àkíbù ni ó kọ́kọ́ rí, tó sùn lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú epo ṣéènì lọ́wọ́. Tísà wò ó pẹ́.

Ìkórè ni ó bọ́ sí nígbà tí ara rẹ̀ yá. Gbogbo ìjọ ń gbé iṣu, àgbàdo àti ewúrẹ́ lọ síwájú pẹpẹ. Monínúọlá wà láàárín kúáyà nígbà tó rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò gbé iṣu. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló gbé, ó ti lọ yá a lọ́wọ́ dókítà tó ń lò ó nílé ìwòsàn báyìí. Ó sì ti ránṣẹ́ pe Àkíbù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, tí ojú ń tì í.

“Ẹ̀yin ará,” ni Tísà wí, “iṣu kọ́ ló gbà mí lọ́wọ́ ikú. Ohun tó gbà mí ni mo gbé wá fún Ọlọ́run. Àkíbù, ọmọ Sìmíátù, ẹni tí mo ní n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé mi, ọwọ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ṣe é.”

Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n tísà ni, kò lè fi nǹkan han èèyàn kó má kọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó ìkọ̀wé ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi wá. Ó tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ya gbogbo irin rẹ̀ sójú pátákó, ó ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé awọ sókè.

“Kí ni iṣẹ́ awọ yìí?”

“Ó ń dá a dúró wẹ́lo!” ni gbogbo ìjọ dáhùn.

“Kí ni a fi pa á?”

“Àdín!”

Monínúọlá rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ìwé ìjọba kankan nínú ayọ̀ ọjọ́ yẹn. Tísà nìkan ló rántí nígbà tí wọ́n délé, ó ní, “Ẹ yára lọ gba ìwé yín wá. Mo fẹ́ fi han gbogbo ẹbí Ìjàn kí n tó fún un ní ìyàwó.”

Lọ́yà Ọmọ́níyì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, inú rẹ̀ dùn, ó mú gègé. Ó wá béèrè ohun kan. “Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní gbangba rí? Òfin ní ohun tuntun ni wọ́n ń fún ní páténtì. Tí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kọ̀wé, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ máa búra sí i.”

Monínúọlá rí pátákó ìkọ̀wé yẹn lójú ọkàn rẹ̀. Lọ́yà kò sí ní ìkórè wọn. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún àwọn tó ń fún ni ní páténtì l'Ékòó? Ó yíjú sí Àkíbù, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

“Gbogbo ìjọ ti rí i, sà,” ni Àkíbù wí. “A kò lè búra.”

Lójú ọ̀nà, Monínúọlá kò lè mú un mọ́ra. “O ò lè dákẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? O mọ ohun tí Bàbá ní kó o mú wá! O ti jù mí nù, Àkíbù.”

“Monínú mi, fetí sílẹ̀,” ni Àkíbù wí. “Bàbá rẹ dúró níwájú gbogbo ayé, ó dárúkọ mi, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Ṣé ìyẹn ni o fẹ́ kí n búra pé kò ṣẹlẹ̀?”

Monínúọlá jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún, Àkíbù sì dúró tì í títí ẹkún náà fi tán. Nígbà tó dìde, ó mú ọwọ́ rẹ̀, epo rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. “Má bínú,” ló wí. “Mo dúpẹ́ pé o kò dákẹ́.”

Òun fúnra rẹ̀ ló ro ó fún bàbá rẹ̀. Tísà gbọ́ ọ dé òpin. Ó dìde, ó mú fìlà, ó mú ọ̀pá, ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán láti ilé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ Òkè-Ìlá, Monínúọlá ń tẹ̀ lé e.

“Ìyá Àkíbù,” ni Tísà wí níwájú igbá òwú, “ìwé tí mo ní kí ọmọ yín mú wá, èmi náà ni mo fi ẹnu mi bà á jẹ́. Ẹ dárí jì mí.”

“Háà, Tísà! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.” Sìmíátù fi ìdí aṣọ nu àga fún un. “Wọ́n sọ fún mi pé atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Ìgbẹmọ ti ṣe irú rẹ̀ fún ilé agbẹ̀bí ibẹ̀. Ará ìjọ yín ló ṣàlàyé fún un. Ẹ̀mí ń yè níbẹ̀ báyìí. Kí ni mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì yín?”

Tísà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà. “Ẹ bá mi bẹ ọmọ yín,” ló wí, “pé tó bá ṣì fẹ́ ọmọ mi, kó wá.”

Àkíbù ti wà lẹ́yìn wọn tipẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí, lémọ́ọ̀mù ṣàdúrà fún wọn, pásítọ̀ náà ṣàdúrà, gbogbo wọn sì wọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó. Akọ̀wé kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ó lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e gbì.

Tísà ní kí wọ́n gbé e wá. Ó wọ gíláàsì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá àṣìṣe. Kò rí ọ̀kankan. Ó gbójú sókè, omijé ti kún ibẹ̀.

“Àkíbù,” ló wí, “mo ní kí ìjọba kọ orúkọ rẹ sínú ìwé kó o tó wá bá mi. Wọ́n ti kọ ọ́. Ó yá, mú ìyàwó rẹ.”