Ṣòkòtò Funfun Tíṣà Ọládépò

Òjò ló fà á. Òjò ọ̀sán kan tó rọ̀ ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú kí Ọládépò dúró sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àgbàrá ń ṣàn níwájú rẹ̀, kò sì fẹ́ kó ta sí ṣòkòtò funfun rẹ̀. Tíṣà ni. Láyé ọjọ́un, kí òmìnira tó dé, ta ló tó tíṣà?

Ọmọbìnrin kan ń wò ó láti òdìkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ̀kẹ́ ni, ọmọ Ògúndáre alágbẹ̀dẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́, tó ń bá àǹtí rẹ̀ ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀.

“Tíṣà, ṣé ibẹ̀ lẹ máa sùn ni?”

“Ṣòkòtò mi ni mò ń rò.”

Àmọ̀kẹ́ wọlé, ó gbé pákó kan jáde, ó fi í dábùú àgbàrá náà. Ọládépò gbà á kọjá. Kó tó dé òdìkejì, ìfẹ́ ọmọ náà ti kó sí i lọ́kàn.

Wọ́n fẹ́ra dénú. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ọládépò kì í yà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí Àmọ̀kẹ́. “Tíṣà mi” ni Àmọ̀kẹ́ ń pè é. Òun náà a ní, “Àmọ̀kẹ́ ọ̀wọ́n, kò ní í pẹ́ tí n ó fi lọ sí Ìlú Ọba.” Kò sẹ́ni tó ṣèlérí Ìlú Ọba fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó, tó sì gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, níwọ̀n bí bàbá Ọládépò ti dolóògbé, Ọlọ́runnísọ̀lá tó jẹ́ àbúrò bàbá náà ló mú un lọ sí Ọ̀yọ́ láti tọrọ ìyàwó. Ẹbí kún àgbàlá Ògúndáre. Eédú láti ibi tó ti ń rọ irin fọ́n ká ilẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àna wa.”

Ọládépò wo ilẹ̀, ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó nawọ́ sí bàbá ìyàwó. “Ẹ káàsán, Bàbá.”

Ògúndáre kò gba ọwọ́ náà.

“Dépò, dọ̀bálẹ̀,” Ọlọ́runnísọ̀lá rọra sọ.

“Ọlọ́run nìkan ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún. Onígbàgbọ́ ni mí, abọ̀rìṣà ni wọ́n.”

Ẹ gbọ́ irọ́. Òyìnbó tó ń bójú tó ilé ìwé wọn, bó bá wúkọ́ lásán, Ọládépò á ti tẹ̀ dé orúnkún.

Ọlọ́runnísọ̀lá, tí gbogbo orí rẹ̀ ti hewú, ló wá nà gbọọrọ sínú eédú. “Ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe é.”

Ògúndáre gbé e dìde. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń fẹ́ ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n.” Ó kọjú sí Ọládépò. “Bí o kò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún mi lónìí tí o wá tọrọ, báwo lo ó ṣe bẹ̀ mí lọ́jọ́ tí o bá ṣẹ ọmọ mi?”

Ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé padà.

Àmọ̀kẹ́ wá bá a ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. “Tíṣà mi, ẹ padà lọ, nítorí mi. Èmi ni n ó fọ ṣòkòtò náà.”

“Àwọn ni yóò wá bẹ̀ mí. Níbo ni alágbẹ̀dẹ ti fẹ́ rí irú mi?”

“Bàbá mi kò ní í wá o.”

“Wọn á wá.”

Kò lọ. Nígbà tí wọ́n pe Àmọ̀kẹ́ padà sí Ọ̀yọ́, Ọládépò ní wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù ba òun ni. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò tún dé, ẹnikẹ́ni kò wá bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ni àǹtí Àmọ̀kẹ́ sọ fún un pé Àyìndé, àgbẹ̀ kan láti Ìkòyí-Ilé, ti ṣe ìdána Àmọ̀kẹ́, ọ̀la ni ìyàwó ń lọ sílé ọkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọládépò wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́ nínú òjò. Ẹrẹ̀ àti eédú ti po pọ̀ ní àgbàlá náà. Kò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó nà gbalaja, tàyàtojú.

“Bàbá, mo ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Àmọ̀kẹ́.”

Àánú ṣe Ògúndáre. “Dìde, ọmọ mi. Ẹlòmíràn ti dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn ṣáájú rẹ.”

Àmọ̀kẹ́ jáde tòun ti aṣọ ìyàwó. Ó wò ó títí, omi dà lójú rẹ̀, ó nù ún. Ó kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

“Tíṣà, ẹ dìde. Ṣòkòtò yín ti bàjẹ́.”

Nígbà tí Ọládépò fi máa padà dé Tákíè, àgbàrá ń ṣàn bíi tọjọ́ kìíní. Pákó yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró, ó wò ó. Kò sẹ́ni tó gbé e sílẹ̀ fún un. Ó wọ inú omi náà, ó ń lọ sílé.