Ẹni Tó Gbé Àpótí Àyẹ̀wò Ojú Wúrà

Aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́rú ni Dókítà Tiwaladé ṣí fíríìjì ilé ìwòsàn ojú rẹ̀ ní Ripple Road ní Barking, nílùú òyìnbó, ó sì figbe ta. Àpótí àyẹ̀wò tí wọ́n kọ orúkọ Wúrà sí ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Inspẹ́kítọ̀ Ọlágòkè dé tòun ti mítípáì lọ́wọ́. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í dilẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í sùn.

"Dókítà, kí ló wà nínú àpótí yẹn gan-an?"

"Ẹ̀gún ló gún Wúrà lójú níbi tó ti ń gé òdòdó ní Mayesbrook Park. Mo fura pé èébu ló wọ ojú náà, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì, but I'm not sure. Àwọn sójà tí ara fi ń bá àìsàn jà la tò sára pépà inú àpótí yẹn. Tá a bá kán omijé sí i, tí wọ́n bá rí èébu, wọ́n á gbá a mú, ìlà kejì á yọ. Ogún ìṣẹ́jú péré! Ẹyọ kan tó kù nìyẹn. Àyẹ̀wò irú mìíràn á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ọmọ yìí ò sì lè dúró. Tí mo bá fún un lóògùn tí kì í ṣe tiẹ̀, ó fọ́ nìyẹn."

Wúrà fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ògiri, ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Aago méjìlá ni àyẹ̀wò rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ọlágòkè débi pé ó gbé mítípáì sílẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tó lẹ́rẹ̀ wà níwájú fíríìjì, ìka márààrún hàn kedere. Wọ́n ti gbé yìnyín àpótí náà lọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn àpótí tó wọ́n jù ú lọ wà digbí.

Ó pe Olúgbémiga, igbá-kejì dókítà. "Wọ́n ní ẹ bá dókítà jà lánàá."

"Torí leave ni, sah! Kí lẹ wá ń wò nílẹ̀? Àbí olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta?"

Ọlágòkè rẹ́rìn-ín títí. "Ta ló tún wọlé láàárọ̀?"

"Ìyá Kúnmi tó ń gbálẹ̀ nìkan. Wọ́n ti lọ síbi àdúrà Ọjọ́rú ní Rippleside. Mo rí sùtánà lábẹ́ kóòtù wọn."

Inspẹ́kítọ̀ gbá itan rẹ̀. "Dókítà, Wúrà, ẹ wọ mọ́tò mi!"

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Rippleside, ó bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta látinú ìbọ̀sẹ̀. Àpótí náà wà níwájú pẹpẹ, yìnyín yí i ká, Ìyá Kúnmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e, Mummy."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹni tó fẹ́ tà á ò ní fi èyí tó wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ ò ní gbé yìnyín dání. A jẹ́ pé ẹni tó gbé e fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ta ló sì ń rìn láìwọ bàtà nínú òjò Barking, bí kò ṣe ẹni tó wọ sùtánà?"

Ìyá Kúnmi bú sẹ́kún. "Wúrà ò níyàá níbí, èmi ni ìyá rẹ̀. Mo ti dé bus stop kí ẹ̀mí tó ní kí n padà. Mo ní kí Olúwa fọwọ́ kan àpótí náà kó má parọ́. Mo fẹ́ dá a padà kí aago méjìlá tó lù, àdúrà ló gùn!"

"Ṣé ẹ ò bu omi àdúrà sí i?" Dókítà fa àpótí náà mọ́ra.

"Rárá o! Wọ́n kọ DO NOT OPEN sí i."

Wọ́n sáré padà. Ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìlà kejì yọ, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Dókítà Tiwaladé fò sókè. "Èébu ni! Mo ti mọ oògùn rẹ̀!" Inú gbogbo wọn dùn, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹjọ́. Ọlágòkè kàn sọ fún Ìyá Kúnmi pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà nídìí fíríìjì náà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Wúrà ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlágòkè náà wá, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Láti iwájú pẹpẹ lọ́hùn-ún, Wúrà fọwọ́ bo ojú òsì, ó fi ọ̀tún wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Inspector! Àtàǹpàkò yín ṣì wà níta o!"