Ipele Kẹsàn-án

"Mo ti wá a títí, mi ò rí i!" Saimi ti kọ̀ǹpútà síwájú, ó sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan létí adágún ní Finland. Kókó átọ́ọ̀mù kan tí núútírọ́ọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ tíntìntín inú rẹ̀, kò tó ni wọ́n ní kó yẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ bá ti dá a, á máa pòyì ràn-ìn bí òkòtó. Bí eré rẹ̀ sì ṣe ń rọlẹ̀, á máa tú ìtànṣán jáde, á máa bọ́ láti ipele dé ipele, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Saimi ló ń ti ara ìtànṣán wọ̀nyẹn ya àkàbà náà. Ó ti rí ipele mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án ló kọ̀ tí kò yọjú.

Jouko, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, rẹ́rìn-ín. "Yà á síbẹ̀ jàre! Ṣebí ìṣirò ti sọ ibi tó yẹ kó wà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àbí o ò fẹ́ kí wọ́n gbà ẹ́ padà lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Saimi yà á.

Nígbà tí Raili, ọ̀gá wọn, rí àwòrán náà, ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí, o ṣe é o! Òun gan-an la máa gbé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń pín ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọ̀la, kí wọ́n lè fún wa ní ọjọ́ sí i lórí ẹ̀rọ."

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun Saimi mọ́. Nígbà tó ku wákàtí kan kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ó wọlé tọ Raili.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́... mi ò rí ipele kẹsàn-án yẹn. Mo kàn yà á ni."

Raili fa àwòrán náà mọ́ra. "Ta ló ní kó o yà á?"

"Ọwọ́ mi ló yà á, ọ̀gá."

Raili fi bírò fagi lé ìlà tó dúró fún ipele kẹsàn-án, ó sì fa òmíràn tó ń já léraléra. "Ohun tí kò bá dá wa lójú, bá a ṣe ń yà á nìyí. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ fún wọn."

Saimi dìde níwájú àgbà méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Veikko, tó dàgbà jù nínú wọn, nàka sí ìlà jíjá náà. "Kí ló wà níbí?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Irọ́ ni mo kọ́kọ́ fi dí i."

Veikko fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀. Torí ohun tá ò mọ̀ la ṣe ra ẹ̀rọ. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ wá a."

Saimi mí kanlẹ̀, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Raili kò kúkú gbójú fo irọ́ náà: ó ní kí Saimi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tún ipele mẹ́jọ yòókù yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tayọ̀tayọ̀ ló fi ń ṣe é, nítorí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀gàn. Irọ́ tí a fi bò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀gàn.